Oda Nobunaga, Ẹni tí ó Kọ́ Ààfin Azuchi

Ní ilẹ̀ Jàpáànì, nítòsí adágún omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Biwa, òkè kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Azuchi. Òkè náà kò ga púpọ̀, nítorí kò tó 200 mítà. Ẹni tí ó bá gùn ún lónìí yóò gba ojú àtẹ̀gùn òkúta kan tí ó gbòòrò, tí ó lọ tààrà sókè láàárín igi. Yóò rí ògiri òkúta tí ewéko ti bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá dé góńgó òkè náà, yóò bá ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan tí a to òkúta ìpìlẹ̀ sí ní ẹsẹẹsẹ. Kò sí òpó lórí àwọn òkúta náà, kò sí òrùlé, kò sì sí ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ààfin kan wà níbẹ̀ rí tí àwọn àlejò tí ó ti òkè òkun wá pàápàá ya ẹnu sí. Lẹ́yìn tí a parí rẹ̀, ọdún mẹ́ta péré ni ó lò kí iná tó jó o. Oda Nobunaga ni ẹni tí ó kọ́ ọ, ìtàn ayé rẹ̀ ni a ó sì sọ níhìn-ín.

A bí Nobunaga ní ọdún 1534 ní agbègbè Owari. Ní àkókò náà ilẹ̀ Jàpáànì kò ní ìsinmi. Ọba wà ní ìlú Kyoto, ṣùgbọ́n kò ní agbára lọ́wọ́. Olórí ogun àgbà tí wọ́n ń pè ní shogun, tí ó yẹ kí ó máa ṣe àkóso ní orúkọ ọba, ti di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù mọ́. Láti ọdún 1467 ni ogun ti bẹ́ sílẹ̀, tí olúkúlùkù ìjòyè ológun sì sọ ara rẹ̀ di olúwa ní agbègbè tirẹ̀. Wọ́n ń jà lónìí, wọ́n ń mulẹ̀ lọ́la, wọ́n sì ń da ilẹ̀ ní ọ̀túnla. Bí àgbẹ̀ bá gbin ìrẹsì, kò mọ̀ bóyá òun ni yóò kórè rẹ̀ tàbí ọmọ ogun. Oda Nobuhide, bàbá Nobunaga, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lágbára jù ú lọ pọ̀ yí i ká.

Nígbà tí Nobunaga wà ní ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí ó rò pé yóò di ènìyàn ńlá. Aṣọ jákujàku ni ó ń wọ̀, a sì máa jẹ èso kiri ìgboro bí ó ti ń fara ti èjìká àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní òmùgọ̀ Owari. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wò ó ìbá rí i pé kò fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò. Ó ń kọ́ ẹṣin gígùn, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń ta ọfà, ó sì ń kọ́ bí a ti ń yin ìbọn, ohun ìjà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ náà.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Nobunaga wá síbi ìsìnkú láì múra bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó kàn án láti fi tùràrí bọ̀wọ̀ fún òkú, ìtàn sọ pé ńṣe ni ó bù ú ní ẹ̀kúnwọ́, tí ó jù ú síwájú pẹpẹ, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú ti àwọn àgbààgbà ilé rẹ̀ gidigidi. Ọ̀kan nínú wọn ni Hirate Masahide, tí ó jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀ láti kékeré. Ní ọdún 1553, Masahide fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tí ó tọ́ lè ronú pìwà dà. Ikú náà dun Nobunaga púpọ̀, ó sì kọ́ ilé ìsìn kan ní ìrántí alágbàtọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti gbájú mọ́ àkóso ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìbátan rẹ̀ kò fẹ́ kí ó jọba lé wọn lórí, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà sì dìtẹ̀ mọ́ ọn. Nobunaga kọ́kọ́ dárí jì í. Nígbà tí ó tún gbọ́ pé ó ń gbèrò ibi, ó mú kí wọ́n pa á. Ó ti hàn láti ìgbà yìí pé ọkùnrin yìí kì í bojú wẹ̀yìn.

Ní ọdún 1560 ni ìdánwò ńlá dé bá a. Ìjòyè alágbára kan tí ń jẹ́ Imagawa Yoshimoto kó ogun jọ, tí a gbọ́ pé wọ́n tó 25,000, ó sì wọ ilẹ̀ Owari. Àwọn ọmọ ogun tí Nobunaga lè kó lọ pàdé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ rò pé kí wọ́n sé ara wọn mọ́ inú odi, ṣùgbọ́n Nobunaga kò gbà. Ní kùtùkùtù, ó dìde, ó jó ijó kan tí ó fẹ́ràn, ó jẹun lórí ìdúró, ó sì fo sẹ́yìn ẹṣin. Ní àfonífojì Okehazama, Yoshimoto ń sinmi ní tirẹ̀, ó ti ka ogun náà sí èyí tí a ti ṣẹ́. Lójijì, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, ìjì sì ń jà, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó gbúròó àwọn tí ń bọ̀. Bí òjò ti dá ni Nobunaga já lù wọ́n. Kí Yoshimoto tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì fọ́n ká. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún pe Nobunaga ní òmùgọ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà lábẹ́ Yoshimoto, tí a wá mọ̀ sí Tokugawa Ieyasu lẹ́yìn náà, bá a mulẹ̀ ní ọdún 1562, kò sì da ilẹ̀ náà títí Nobunaga fi kú.

Ní ọdún 1567, Nobunaga ṣẹ́gun agbègbè Mino, ó sì sọ olú ìlú ibẹ̀ ní Gifu. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí lo òǹtẹ̀ kan tí ó fi hàn pé òun yóò fi agbára ogun kó gbogbo ilẹ̀ náà sábẹ́ àkóso kan. Ní ọdún 1568, ó wọ Kyoto pẹ̀lú Ashikaga Yoshiaki, ó sì fi í jẹ shogun. Yoshiaki rò pé òun ti di olórí. Kò pẹ́ tí ó fi mọ̀ pé àga ni wọ́n fi òun jókòó lé, pé ọ̀pá àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ní ìkọ̀kọ̀ sí àwọn ọ̀tá Nobunaga. Ní ọdún 1573, Nobunaga lé e jáde kúrò ní Kyoto, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìdílé Ashikaga, tí ó ti lé ní 230 ọdún, ṣe wá sí òpin.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni Nobunaga fi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èkíní ni pé kì í kẹ́gàn ohun tuntun. Ọdún 1543 ni àwọn Potogí kọ́kọ́ mú ìbọn dé erékùṣù Tanegashima, àwọn alágbẹ̀dẹ Jàpáànì sì yára kọ́ bí a ti ń rọ ọ́.  Nobunaga kò kẹ́gàn rẹ̀. Ní ọdún 1575, ní Nagashino, òun àti Ieyasu dojú kọ àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Takeda, tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi igi ṣe ọgbà síwájú ogun, ó sì to àwọn oníbọn sẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn Takeda ti ń já wọlé ni ìbọn ń dá wọn dúró, tí wọ́n fi ṣubú bí koríko níwájú àdá. Èkejì ni pé kì í béèrè ilé tí ènìyàn ti wá kí ó tó fi í ṣe olórí. Hashiba Hideyoshi, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn balógun rẹ̀ ńlá, ti ìdílé mẹ̀kúnnù wá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbé e ga.

Nobunaga tún mọ̀ pé ogun nìkan kò tó ìlú í tò. Ó wó àwọn bodè tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ èrò ọ̀nà, ó tún àwọn ojú ọ̀nà ṣe, ó sì jẹ́ kí àwọn oníṣòwò máa nájà láì san owó fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti sọ ọjà di tiwọn nìkan.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi apá kejì ìtàn náà pamọ́. Ìkà ni Nobunaga sí ẹni tí ó bá ta kò ó. Lórí òkè Hiei, nítòsí Kyoto, ilé ìsìn Búdà ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Enryaku-ji. Àwọn àlùfáà ibẹ̀ ní ọmọ ogun tiwọn, wọ́n sì gba àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílé. Ní ọdún 1571, Nobunaga yí òkè náà ká, ó sì dáná sun ún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kú níbẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní ọdún 1574, ní Nagashima, ó sé àwọn ọlọ́tẹ̀ ẹlẹ́sìn mọ́ inú odi wọn títí ebi fi ń pa wọ́n, ó sì tiná bọ̀ wọ́n. Ìtàn ìgbà náà sọ pé 20,000 ènìyàn ni ó jóná. Ẹni tí ń sọ pé òun fẹ́ mú àlàáfíà wá kò kọ̀ láti sọ ilẹ̀ di ahoro kí ó tó rí i.

Ní ọdún 1576 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ààfin rẹ̀ sórí òkè Azuchi. Ó mọ ìdí tí ó fi yan ibẹ̀. Òkè náà kò jìnnà sí Kyoto, ọ̀nà òwò gba ibẹ̀ kọjá, omi adágún Biwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká nígbà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi lè gbé ọmọ ogun lọ síbi tí ó bá fẹ́ kíákíá. Ó fi balógun rẹ̀, Niwa Nagahide, ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà. A pe àwọn agbẹ́kùúta, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ayàwòrán láti agbègbè púpọ̀. Ìtàn sọ ti òkúta ràbàtà kan tí 10,000 ènìyàn fà gun òkè náà fún ọjọ́ mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Nígbà tí òkúta kò tó, wọ́n kó òkúta ibojì àti ère òkúta Búdà mọ́ ọn. Títí di òní, àwọn ère wọ̀nyí wà lára àtẹ̀gùn, a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí àwọn mìíràn ti kúnlẹ̀ rí.

Ṣáájú ìgbà náà, orí òkè tí ó fara sin ni ọ̀pọ̀ ìjòyè ń kọ́ odi sí, fún ogun nìkan. Ti Azuchi yàtọ̀. Nobunaga fẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Lórí ìpìlẹ̀ òkúta gíga ni ó gbé ilé alájà méje kan lé. Ọ̀kan nínú àwọn àjà òkè ní igun mẹ́jọ, òpó rẹ̀ sì pupa. Àjà tí ó ga jù lọ ń kọ mànà pẹ̀lú wúrà. Kano Eitoku, ayàwòrán tí ó lókìkí jù ní ìgbà náà, ni ó ya àwòrán sára ògiri àti ilẹ̀kùn inú rẹ̀: igi, ẹyẹ, ẹṣin, àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn Búdà. Ní ọdún 1579, Nobunaga kó wọ inú ilé náà. Lẹ́sẹ̀ òkè, ó tẹ ìlú kan dó, ó sì ti ṣe òfin fún un láti ọdún 1577 pé ọjà ibẹ̀ yóò wà ní òmìnira, pé a kò sì ní bu iṣẹ́ ọ̀ranyàn lé àwọn ará ibẹ̀ lórí bí kò ṣe nígbà ogun. Ó tún pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó aya àti ọmọ wọn wá síbẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n fi Azuchi ṣe ilé.

Àlejò pọ̀ ní Azuchi. Àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá rí ojú rere rẹ̀. Ó fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, Alessandro Valignano, dé ní ọdún 1581, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan wà nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Nobunaga kò rí adúláwọ̀ rí. Ó rò pé tàdáwà ni wọ́n fi kun ọkùnrin náà lára, ó sì ní kí ó wẹ̀ lójú òun. Nígbà tí ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ni, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó gbà á sọ́dọ̀, wọ́n ń pè é ní Yasuke, ó sì fún un ní ilé, owó oúnjẹ àti idà. Ní ọdún kan náà, nígbà àjọ̀dún ìrántí àwọn òkú, Nobunaga ní kí wọ́n so fìtílà mọ́ ara ààfin láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìmọ́lẹ̀ náà hàn nínú omi adágún, ogunlọ́gọ̀ sì dúró wò ó. Nígbà tí Valignano ń lọ, ó fún un ní àwòrán ààfin àti ìlú náà tí a yà sára pátákó aláṣẹ́po. Àwòrán yìí dé Róòmù, a sì fi í fún Póòpù Gregory Kẹtàlá ní ọdún 1585. Lẹ́yìn náà ni ó sọnù, a kò sì tíì rí i títí di òní.

Ní ọdún 1582, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó kù. Àwọn Takeda ti parun, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ilẹ̀ Jàpáànì sì ti wà lábẹ́ Nobunaga. Hideyoshi ń jagun lọ́wọ́ ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì ránṣẹ́ pé kí olúwa òun wá ràn òun lọ́wọ́. Nobunaga pàṣẹ fún balógun rẹ̀ mìíràn, Akechi Mitsuhide, pé kí ó kó ogun lọ ṣáájú. Òun fúnra rẹ̀ dúró ní Kyoto, nínú ilé ìsìn Honno-ji, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ díẹ̀. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Mitsuhide kò gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn. Ó yí ogun rẹ̀, tí ó tó 13,000, padà sí Kyoto. Ní ìdájí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, wọ́n yí Honno-ji ká. Nobunaga ta ọfà títí okùn ọrun fi já, ó mú ọ̀kọ̀, ó jà títí ó fi gbọgbẹ́. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ọ̀nà, ó wọ inú ilé tí ń jó, ó sì pa ara rẹ̀. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 48. A kò rí òkú rẹ̀ nínú eérú. Nobutada, àkọ́bí rẹ̀, kú ní ọjọ́ kan náà ní ibòmíràn nínú ìlú. Ọ̀dọ̀ Nobutada ni Yasuke sá lọ, ó sì jà níbẹ̀ kí wọ́n tó gba idà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì dá a padà sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà.

Nígbà tí ìròyìn dé Azuchi, Gamo Katahide ni ó ń ṣọ́ ààfin. Wọ́n gbà á níyànjú pé kí ó kó wúrà ibẹ̀, kí ó sì dáná sun ilé náà kí ọ̀tá má bàa jogún rẹ̀. Ó kọ̀. Ó kà á sí ìtìjú láti ba ohun tí olúwa rẹ̀ fi gbogbo ọkàn kọ́ jẹ́, ó sì kó àwọn obìnrin àti ọmọ ilé náà lọ sí ibi ààbò. Mitsuhide wọ ààfin, ó sì pín ìṣúra ibẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Hideyoshi sáré padà láti ojú ogun, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Yamazaki. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iná mú ààfin Azuchi. Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí ẹni tí ó dá iná náà: àwọn kan ní àwọn ènìyàn Mitsuhide ni, àwọn kan ní ọmọ Nobunaga kan ni, àwọn mìíràn ní àwọn tí ń kó ẹrù ni. Ẹni yòówù kí ó jẹ́, ilé alájà méje náà di eérú. Ní ọdún 1585, a kọ́ odi tuntun sí Hachiman nítòsí ibẹ̀, a sì kó àwọn ará ìlú Azuchi lọ síbẹ̀. Igbó bẹ̀rẹ̀ sí hù lórí òkè náà.

Ṣé a lè wá sọ pé lásán ni iṣẹ́ Nobunaga? Rárá o. Hideyoshi parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì so gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀ ní ọdún 1590. Ieyasu di shogun ní ọdún 1603, ìdílé rẹ̀ sì ṣe àkóso fún ọdún tí ó lé ní 250, tí àgbẹ̀ ń kórè ohun tí ó gbìn. Àwọn tí ó kọ́ ààfin lẹ́yìn rẹ̀ fi ti Azuchi ṣe àwòṣe, pẹ̀lú ògiri òkúta gíga àti ilé gíga lórí rẹ̀. Àwọn òpìtàn fi orúkọ òkè náà pe sáà ìgbà náà. Ní ọdún 1940 àti 1941, a hú àwọn òkúta ìpìlẹ̀ ilé náà jáde. Ní ọdún 1952, ìjọba fi ibẹ̀ sí ipò gíga jù lọ nínú àwọn ibi ìtàn tí ó ń dáàbò bò. Ní ọdún 1992, wọ́n kọ́ irú àjà méjì òkè rẹ̀ fún àfihàn ńlá kan ní Seville ní ilẹ̀ Sípéènì. Azuchi ni ó wà báyìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.

Àwọn àgbà sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òkúta ni Nobunaga fi mọ tirẹ̀, síbẹ̀ kò pẹ́. Ẹni tí ó ti iná bọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, inú iná ni òun náà kú sí, iná ni ó sì jẹ ilé rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ohun tí ó fi ìbẹ̀rù kọ́ ṣubú lọ́jọ́ tí ẹni tí ó súnmọ́ ọn kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là fún oníṣòwò, ipò tí ó fún ọmọ mẹ̀kúnnù tí ó mọ iṣẹ́, àti ìrònú rẹ̀ pé ó yẹ kí ilẹ̀ tí ó ti fọ́ tún di ọ̀kan, àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ilé náà nígbà tí ó jó. Ọwọ́ àwọn ènìyàn ni wọ́n wà, wọ́n sì pẹ́ ju òkúta lọ.